Bàbá, Ibi Tí Mo Ti Ń Pẹja Láìgbàṣẹ Ni Mo Ti Rí Ọkọ

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ewu odò, ẹ kú làálàá ọjọ́ gbogbo. Láti Dallas níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Màmá mi, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ṣadé àti gbogbo ará ilé wa ní Ẹ̀pẹ́. Kí ẹ tó béèrè ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè yín, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí àyà mi má baà tún já: Bàbá, mo ti lọ́kọ. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Kóòtù la ti ṣe é, ní Ọjọ́rú kan, láàárín iṣẹ́ àárọ̀ mi àti iṣẹ́ alẹ́ tirẹ̀. Olúmidé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn ni, nọ́ọ̀sì ni nílé ìwòsàn kan níbí. Inú mi ń dùn débi pé mo máa ń dá rẹ́rìn-ín nídìí iṣẹ́, àwọn tí a jọ ń di ẹrù sì ti ń wò mí bákan.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè mí lórí fóònù tí a fi ń ríra, inú kíṣìnì ni Olúmidé máa ń lọ lóṣòó sí. Ọjọ́ tí Màmá béèrè ẹni tó ń wúkọ́ lẹ́yìn mi, tí mo ní tẹlifíṣọ̀n ni, òun ni. Ó ní kí n jọ̀ọ́ má parọ́ mọ́ lórí òun, pé orúnkún ti ń dun òun, àti pé òun kò kàwé nọ́ọ̀sì nítorí kí òun lè máa sá pamọ́ sẹ́yìn fìríìjì. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí, tí mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Gbogbo ilé ni mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún, gbogbo ilé ni mo sì fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Mo mọ ohun tí ẹ sọ, Bàbá. Ẹ ní kò sí ọmọ yín tó máa wọlé ọkùnrin kankan kí àwọn ènìyàn ọkùnrin náà tó wá jókòó ní pálọ̀ yín. Nígbà tí Àǹtí Ṣadé ṣe é, ọdún méjì gbáko lẹ kò fi dá a lóhùn. Tó bá wá kí yín lọ́jọ́ ọdún, èmi lẹ máa ń ní kí n sọ fún obìnrin yẹn pé ẹ ti gbọ́. Ẹ̀rù irú ìdákẹ́ yẹn ló bà mí. Èmi ni mo ní ká dákẹ́, kì í ṣe Midé. Ó ti ń bẹ̀ mí kí n sọ fún yín kí a tó lọ sí kóòtù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i. Ẹ rántí pé ilé ìkẹ́rùsí kan ní Coppell, lẹ́bàá Dallas, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Garland ni mo ń gbé nígbà náà. Ní ọdún àkọ́kọ́, kò sí ibi tí mo ń lọ ju iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ooru ibí kì í ṣe irú tiwa. Kò sí atẹ́gùn odò nínú rẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ààrò búrẹ́dì sí ọ lójú. Àwọn tí a jọ ń gbé apátímẹ́ǹtì máa ń rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn wọn. Ọjọ́ kan ni ẹni tó ń gbé wa lọ síbi iṣẹ́ gba orí afárá kan kọjá, ni mo bá rí adágún ńlá kan, omi lọ salalu. Mo sunkún nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di Sátidé, mo yọ àwọ̀n tí ẹ fọwọ́ ara yín hun fún mi, èyí tí mo ká sáàárín aṣọ gbé wá láti ilé, ó di etí omi.

Bàbá, mo jù ú. Ó ṣí roboto gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ní ìgbà kẹta, mo fa àrọ̀ mẹ́rin jáde, wọ́n tóbi bí apá mi. Mo ń bá àwọn ẹja náà sọ̀rọ̀ lórí ata tí n ó lọ̀ sí wọn nígbà tí ẹnì kan fi Yorùbá dá mi lóhùn lẹ́yìn. Ọkùnrin kan ló jókòó sórí àga kékeré, ó na ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ sómi. Ó ní àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká àwọ̀n yẹn kí wọ́n má baà bá yín níbí. Mo bi í pé ta ló ni odò. Ó ní ìjọba ni. Mo ní ṣé ìjọba ló bí ẹja. Ó ní rárá o, ṣùgbọ́n ìjọba ló ń kà wọ́n. Mo ní kó máa wo ìwọ̀ rẹ̀ tí kò mú nǹkan kan láti àárọ̀, pé ọmọ apẹja lèmi. Ó ní òun ti rí i bẹ́ẹ̀, pé àrọ̀ mẹ́rin yẹn gan-an ni wọ́n máa fi ṣe ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ọ̀gá tó ń ṣọ́ odò fi dé, pẹ̀lú fìlà ńlá àti ìbọn níbàdí. Ó ní kí n mú láísẹ́ǹsì mi wá. Mo fún un ní káàdì iṣẹ́ mi. Ó rọra ṣàlàyé pé ẹnikẹ́ni tó bá ti dàgbà gbọ́dọ̀ ra ìwé àṣẹ lọ́dọọdún kó tó lè pẹja, àti pé ẹni tó ní ìwé àṣẹ gan-an kò gbọdọ̀ fi irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ kó àrọ̀. Ìwọ̀ ni wọ́n fi ń mú àrọ̀ níbí. Àwọn ẹja tí wọn kò kà sí ni àwọ̀n wà fún. Ohun tí ẹ kọ́ mi pé ó jẹ́ iyì apẹja, òun ni wọ́n kọ sínú ìwé pé ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ọkùnrin orí àga yẹn ló dìde, ó fi ìwé tirẹ̀ hàn, ó sì bá mi bẹ̀bẹ̀, pé bàbá mi ló kọ́ mi, pé n kò mọ̀. Ọ̀gá náà ní kí n dá àrọ̀ padà sómi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ ìwé ìkìlọ̀ fún mi, kò bu owó lé mi. Kó tó lọ, ó ní òun kò rí ẹni tó ju àwọ̀n dáadáa tó báyìí rí, ó wá bi ọkùnrin yẹn bóyá ìyàwó rẹ̀ ni mí. Ọkùnrin náà ní kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Mo pòṣé. Midé nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ó gbé mi lọ ra láísẹ́ǹsì. Obìnrin tó ń tà á béèrè bóyá onílé ni mí tàbí àlejò. Mo fẹ́ sọ pé Ẹ̀pẹ́, ni Midé bá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó ní àlejò ń san nǹkan bí ìlọ́po méjì, pé ẹni tó bá ti lo oṣù mẹ́fà níbí ti di onílé lójú ẹja. Ọgbọ̀n dọ́là ni mo san. Bàbá, ìwé yẹn ni ìwé àkọ́kọ́ tó pè mí ní onílé ní orílẹ̀-èdè yìí. Mo kà á títí a fi délé.

Midé fẹ́ràn òfin bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Minnesota ló gbé tẹ́lẹ̀, níbi tí odò ti ń dì débi pé wọ́n ń gun alùpùpù orí yìnyín kọjá lórí rẹ̀. Ó ní alùpùpù yẹn náà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, wọ́n sì ń sanwó rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọdẹ níbí máa kọ́kọ́ jókòó sí kíláàsì, wọ́n á sì fún un ní ìwé pélébé tó máa so mọ́ àgbọ̀nrín ní kété tó bá ṣubú. Mo ní ṣé kí àgbọ̀nrín lè kà á ni. Ó ní owó yẹn ni wọ́n fi ń tọ́jú omi àti igbó, òun ló jẹ́ kí ẹja ṣì wà níbẹ̀ tí ọmọ Ẹ̀pẹ́ fi rí i jí.

Kó tó pẹ́, a ti ń fẹ́ra, ó sì ti wọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mi. Nígbà tí iṣẹ́ tuntun gbé e lọ sí Mansfield, ìlú kan nítòsí Dallas, a rí ilé kan tó wu àwa méjèèjì. Pásítọ̀ wa ní òun kò fẹ́ gbọ́ pé àwọn akọrin òun méjì ń gbé pọ̀ láìṣègbéyàwó. A gba ìwé àṣẹ ìgbéyàwó, wọ́n ní ká dúró ọjọ́ mẹ́ta ká fi ronú. Midé ní wọn kò ṣe irú àánú yẹn fún àgbọ̀nrín.

Sátidé tó kọjá, a jọ wà létí omi. Mo ń sọ fún un bí àlejò tó bá fẹ́ dẹ àwọ̀n ní èbúté wa ṣe máa ń kọ́kọ́ wá kí yín lábẹ́ àtíbàbà, tó máa dárúkọ bàbá rẹ̀ àti ìlú rẹ̀, àti bí ẹ ṣe mú kí ọkùnrin kan fa àwọ̀n rẹ̀ jáde tẹja-tẹja nítorí pé kò kí yín. Midé gbé ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní a ti gbàṣẹ lórí ẹja, a gbàṣẹ lọ́wọ́ kóòtù, ẹni tó ni ọmọ nìkan la kò kí. Ó ní kí n pe òfin ilé wa fún òun kí òun kọ ọ́ sílẹ̀: ta la ń kọ́kọ́ kí, ènìyàn mélòó ló ń tẹ̀lé ọkọ, ṣé ẹnu ọ̀nà ni bàtà ń dúró. Ó bi mí bóyá ẹni tó sanra bíi tòun lè dọ̀bálẹ̀ ní ìlàjì. Mo ní kò sí ìlàjì. Ó ti ń fi kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ wa dánra wò.

Ẹ ṣeun, Bàbá, tí ẹ kọ́ mi ní omi nígbà tí àwọn kan ní kí ẹ má kọ́ obìnrin. Màmá, ẹ ṣeun fún gbogbo àdúrà. À ń bọ̀ nílé. Àwọn òbí Midé àti àwọn ẹbí rẹ̀ máa wá láti Ìsẹ́yìn láti wá tọrọ mi lọ́wọ́ yín, bí ẹni pé kóòtù kò sí. Ìwé kóòtù wà nínú dúrọ́ọ̀ wa. Kò sọ mí di ìyàwó ẹnikẹ́ni ní Ẹ̀pẹ́ tí ẹ kò bá tíì dáhùn. Tí ẹ bá ní pálọ̀ kò ṣí fún wa, ìta la ó jókòó sí. Ẹ lè bá mi jà, ẹ lè pè mí ní obìnrin yẹn, n ó jẹ́ ẹ. Ẹ ṣáà má dákẹ́ sí mi.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, omi kò ní gbé yín, ojú yín á rí ọmọ wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará èbúté. Àǹtí Ṣadé, ẹ mú ọkọ yín àti àwọn ọmọ dání, inú ilé lẹ ó jókòó sí.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí ohùn yín,
Bùkọ́lá.

Ọjọ́ ìtọrọ náà nìyí o: kí gbogbo ènìyàn ti dé Ẹ̀pẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá.