Téèpù Mi Ò Rí Àìsàn Ọmọ Yín

                                        Yàrá Ìránṣọ,
                                        Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kejì.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ọmọ tó bá ti ń jẹun, kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí ẹ rán sí mi nìyẹn, ẹ tún ní kí nọ́ọ̀sì fi ọmọ yín lọ́rùn sílẹ̀. Mo gbọ́. Láti àná ni mo ti ń bá ọ̀rọ̀ yẹn jà nídìí máṣíìnì, mo ti rán apá mọ́ ọrùn lára aṣọ oníbàárà. Ẹ kú ilé o. Ṣé ara yín le? Orúnkún bàbá ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn? Àwọn kéékèèké ńkọ́? Ó dáa. Mo ti kí yín tán, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣiṣẹ́ níbí. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń wọn ìbàdí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù, torí ara wọn la fi ń dán aṣọ wò. Nígbà tí Abẹ́rẹ́, ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó ń rán bọ́tìnnì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, téèpù ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Bísíkíìtì kan ló máa gé sí mẹ́jọ, kò sì ní jẹ ju ẹyọ kan lọ. Nínú ooru, súwẹ́tà ló wà lọ́rùn ẹ̀, ó ṣì ń sọ pé òun sanra. Gbogbo wa rí i, àwọn èèyàn ẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ibẹ̀ ló wà di òní. Ṣùgbọ́n ìbàdí ọmọ tiyín, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ò yẹ̀ rárá. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá gba yunifọ́ọ̀mù ẹ̀, tó ní òun fẹ́ bi mí léèrè nípa ọmọ yẹn, mo na téèpù sí i lójú. Mo ní, "Téèpù mi kì í parọ́."

Ó ní kí n wo ọwọ́ ọmọ náà.

Mo ti ń wo ọwọ́ ẹ̀ tipẹ́. Ojú egbò ló wà lẹ́yìn ìka ẹ̀, mo sì rò pé áyọ́ọ̀nù ló jó o. Mo bú u dáadáa, mo mú u kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù, mo ní kó máa ká etí aṣọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ò fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù, egbò ọ̀hún ṣì tutù yọ̀yọ̀. Kò lè fi eyín já òwú mọ́, ó ní eyín ń dun òun. Tá a bá jẹun ọ̀sán tán, á wọ balùwẹ̀, á ṣí omi sílẹ̀ gbàà. Ẹ̀gbọ́n mi, torí omi ni mo ṣe ń bá a jà. Omi!

Nọ́ọ̀sì jókòó sórí àga gbọọrọ, ó là á yé mi. Ó ní ti Abẹ́rẹ́, ẹ̀rù sísanra ni kì í jẹ́ kó jẹun, ìyẹn lara ẹ̀ ṣe ń gbẹ. Ti ọmọ yín, á jẹ púpọ̀ ní kíá, ẹ̀rù á tún bà á, á wá fi tipá bì í jáde; ibẹ̀ ni egbò ọwọ́ àti eyín dídùn yẹn ti wá. Ara ẹ̀ lè dà bí ara ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n inú ń bàjẹ́, ọkàn pàápàá lè ṣe ségesège. Ó ní ẹ̀kẹta tún wà: ẹni tí ebi ò pa, táá sá pamọ́, táá jẹ títí ikùn á fi máa dùn ún. Kì í bì í. Ìtìjú nìkan ló máa ń kù sí i lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti dorí kodò. Ẹ wá wo abẹ́ àpò èékírí aṣọ wa, ẹ máa rí ọ̀rá bísíkíìtì. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀: èmi lẹnì kẹta yẹn. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, ó kọ orúkọ tèmi náà sílẹ̀. Torí náà, ẹ má sọ pé ilé yín nìkan ni mò ń nàka sí.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ ọmọ yín ní Àpò Sìmẹ́ńtì? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà yẹn, lójú àlejò. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, tèmi ló sì pariwo jù. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ ẹnì kan kọ́ ló ń fa àìsàn yìí, mo gbà. Àmọ́ èébú ò wo ẹnikẹ́ni sàn rí. Ọmọ yín wá kí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jẹ abọ́ méjì, inú yín dùn. Ṣé ẹ bi í ohun tó ń ṣe tó fi pẹ́ ní balùwẹ̀?

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ń tú òwú lára síkẹ́ẹ̀tì kan, kò gbójú sókè. Ó ní, "Àǹtí, mi ò mọ bí mo ṣe lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n mi ò ní wọlé tọ dókítà tí Màmá bá ń sọ níta pé irọ́ ni mò ń pa."

Ọjọ́bọ̀ ni dókítà fẹ́ rí i, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ bá mi kí bàbá ọmọ, kí wọ́n rọra tẹ orúnkún yẹn. Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má fẹnu rán an níṣẹ́, ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́: ṣé ẹ máa jókòó ti ọmọ yín, àbí ẹ ò ní jókòó tì í?

Èmi àbúrò yín tí ò rí ìdí jókòó,
Aránṣọ.