Oyin Tí Mo Fún Bàbá Rẹ Lá

Mounira ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àbíjàǹ? Ṣé ìwé ò pa ọ́ lára? O ò ní fẹsẹ̀ kọ níwájú àwọn olùkọ́ rẹ láṣẹ Ọlọ́run. Gbogbo wa ní Broukro ń kí ọ, ewúrẹ́ wa ti bí méjì.

Ọ̀rọ̀ oyin tí o sọ lórí fóònù ni mo fẹ́ ròyìn. O ní níléèwé yín, ẹ̀ ń fún eku lóyin lá kí ẹ tó fún un ní oògùn kòkòrò, pé ó jọ pé oyin ń dáàbò bo fuwa rẹ̀. Eku Àbíjàǹ ń lá oyin, àwa ń wá ṣúgà kiri. Mo bi Franck aránṣọ léèrè ohun tí ń jẹ́ fuwa. Ó ní ìgbàgbọ́ ni lédè Faransé, pé fádà àwọn kì í yé pè é. Inú mi dùn, torí o mọ̀ pé bàbá rẹ ti pa ìrun àsùbáà tì látìgbà tí ogun ti dé. Mo bá ń fún un ní ṣíbí oyin kan láàárọ̀, ṣíbí kan nírọ̀lẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi jí lọ sí mọ́sáláṣí. Mo yin Ọlọ́run, mo sì yin eku.

Àfi ìgbà tó fẹ́ fín oògùn kòkòrò sí tòmátì wa, ló bá ní ẹni tí oyin ń ṣọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ kì í bo imú. Bó ṣe fín in tán, ó ń bì, òòyì ń kọ́ ọ, ẹ̀rù bà mí, mo sunkún. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ló là mí lóye pé fuwa méjì ló wà lédè Faransé, èyí tí o wí, ẹ̀dọ̀ ni. Ó ní ohun tí ẹ fi ń dán eku wò ò tíì di ti èèyàn, kí bàbá rẹ yáa bo imú.

Nítorí ìgbàgbọ́, kò bo imú. Nítorí ẹ̀dọ̀, aṣọ mẹ́ta ló ń wé mọ́ ọn báyìí, àwọn sójà tó ń dá èèyàn dúró lọ́nà oko ní kó tú u káwọn rí ojú rẹ̀. Ara rẹ̀ ti yá, kò sì fi àsùbáà sílẹ̀.

Bá wa fi owó ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú gidi rán Tàjúdínì onímọ́tò. Má fi sí báńkì, látìgbà ogun ló ti wà ní títì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá rẹ ń yà kí i ní gbogbo Jímọ̀ kó má bàa gbàgbé orúkọ wa.

Mo mọ̀ pé o máa fẹ́ wá wo bàbá rẹ. Má gba ojú ọ̀nà àwọn sójà yẹn wá, jọ̀ọ́, ìwọ nìkan ni mo ní. Fi ẹ̀dọ̀ lórí òróǹro. Látọjọ́ tí mo ti ń sọ ọ́, òní ni mo mọ ohun tí mo ń sọ. Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ fuwa méjèèjì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sákínátù