Ohun Tí Mo Rí Nínú Àwo Àyẹ̀wò Ìtọ̀ Ọmọ Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé ara yín le? Ṣé ikọ́ ọmọ yín ti ń fúyẹ́? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ẹ rántí oògùn apakòkòrò olómi tí mo fún ọmọ mi nígbà tí ibà mú un. Ọjọ́ méje ni oníkẹ́míìsì kọ sára ìgò rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ara ọmọ tutù, mo bá dá a dúró, mo sì fi ìyókù ránṣẹ́ sí yín fún ikọ́ ọmọ yín. Ẹ̀gbọ́n mi, ibà náà padà wá, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ni wọ́n bá gba ìtọ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí mo padà lọ, obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò fi àwo pẹlẹbẹ kan hàn mí. Ohun kan dì sínú rẹ̀, ó ní oúnjẹ àwọn kòkòrò tó wà nínú ìtọ̀ ọmọ mi ni. Mo pariwo pé, "Ẹ̀yin ń bọ́ ohun tó fẹ́ pa ọmọ mi?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹni tó fẹ́ rí ojú olè kì í fi ebi pa á kó tó mú un."

Ó ti to bébà róbótó kéékèèké sórí oúnjẹ náà, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ àwọn kan mọ́ kedere. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan, nǹkan hù bámúbámú. Mo nàka sí i pé, "Èyí ló ń ṣiṣẹ́!" Ó mi orí. Ó ní ibi tó mọ́ ni kòkòrò ti kú. Pé èyí tí mo nàka sí yìí ni oògùn tí mo fún ọmọ tẹ́lẹ̀, pé àwọn kòkòrò ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí àlejò tó ti di onílé.

Ó ní àwọn aláìlera lè ti kú lọ́jọ́ méjì yẹn, kí àwọn olórí kunkun ṣẹ́kù, kí wọ́n sì máa bí sí i. Mo bi í bóyá èmi ni mo sìn wọ́n. Ó ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe wá nìyẹn." Èwo ni kí n wá dì mú nínú méjèèjì? Orí mi dàrú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún ọmọ yín nínú oògùn yẹn mọ́. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi náà ni mo sọ pé oògùn gidi ni, mo mọ̀. Ẹ má bínú sí mi.

Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ wa sí. A ò ní fọwọ́ ara wa ṣe ara wa.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: oògùn tuntun tí wọ́n fún ọmọ mi ní ilé ìwòsàn pé ọjọ́ méjì lónìí. Ara ọmọ ti tutù, ó ń fi ṣíbí lu bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ọkọ mi ní ó ti tó, kí n dá a dúró. Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà, ó ku ọjọ́ márùn-ún." Wọ́n ní mo ti di dókítà. Èmi tí n kò mọ ohun tí mo ṣe!