Ọ́ọ̀sì Tí Wọ́n Fi Pólíìṣì Bàtà Kùn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Bọ̀dá mi tún ra pólíìṣì bàtà. Agolo ńlá. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti funfun fún eruku, kò fi kàn án rí. Ọ́ọ̀sì bíréèkì, rọ́bà tí omi bíréèkì ń gbà kọjá, ló ń fi kùn. Bí mọ́tò kan bá ti wọ ọgbà mẹkáníìkì wa, á wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, á fi àkísà nu àwọn rọ́bà gbígbó yẹn, á kùn wọ́n, wọn á máa dán bí iwájú orí òun fúnra rẹ̀. Oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ wò ó. Háà, tuntun ni!

Ọ̀gá Dídán ni màá máa pè é níbí. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni, "Bọ̀dá" ni, mo sì ń kúnlẹ̀. Nínú ìwé yìí, mi ò kúnlẹ̀ fún ẹnì kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ó-ti-dáa — ọkọ mi nìyẹn, torí kò sí ohun tí kò tíì dáa lójú rẹ̀ — ní bíréèkì píkọ́ọ̀pù òun ti ń rọ̀. Bóun bá tẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ lọ dé ìsàlẹ̀ kó tó mú. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Píkọ́ọ̀pù tó ń kó búlọ́ọ̀kù láti orí òkè yìí! Ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́ láti ẹnu ọgbà wa dé géètì ilé ìwé! Àwọn ìbejì mi sì ń jókòó síwájú pẹ̀lú rẹ̀ láràárọ̀.

Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó. Ó ní Bọ̀dá ti wò ó lánàá, ọ́ọ̀sì tuntun ni wọ́n fi sí i, ó ti dáa.

Tuntun kẹ̀. Mo lọ wo agolo pólíìṣì yẹn. Ó ti dín dé ìdajì.

Bàbá wa kọ́ èmi àti Ọ̀gá Dídán níṣẹ́ mẹkáníìkì. Èmi kọ́ ọ. Òun ń wò wá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọ̀gá Dídán jẹun yó, ó sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì. Mo wọ abẹ́ píkọ́ọ̀pù. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ́ọ̀sì iwájú — ó la ẹnu. Lábẹ́ pólíìṣì, rọ́bà ti sán káàkiri. Níbi tó ti wọ irin, ó wú, omi bíréèkì sì ti ń rin jáde. Ọwọ́ mi dúdú kirikiri.

Mo mọ ohun tó fà á. Bó bá ń pààrọ̀ páàdì, á tú irin ńlá tó ń fún páàdì mọ́ ara wọn, á sì jẹ́ kí ọ́ọ̀sì gbé e rọ̀ bí ẹni fi àpò kọ́ ìṣó. Wáyà ni Bàbá fi máa ń so ó sókè. Wáyà ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ níbi tó sùn sí.

Nígbà tó jí, mo sọ fún un. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o tún ti dé. Rọ́bà tó bá dúdú ló lágbára. Lọ wo ọbẹ̀ ẹ lórí iná."

Ọkọ mi ló ń dáná nílé wa. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo dúró lẹ́nu ọgbà títí mo fi rí i tí àwọn ọmọ wọlé ìwé. Ìgbà náà ni mo tó mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo ra ọ́ọ̀sì fúnra mi. Ojúlówó. Mo gbé e síwájú Ó-ti-dáa. Ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ejò fún. "Ìyá Ìbejì, ṣé kí n wá sọ fún Bọ̀dá pé irọ́ ni wọ́n pa fún mi ni? Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi?" Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò.

Ojú àna ló ń tì í. Ìtìjú á pa ọkùnrin yìí, á sì fi ọmọ mi ṣe èènì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Àwọn ìbejì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀, ó parí. Ọ̀kan sunkún, èkejì sì bá a sun ún kó má dá sun ún. Bàbá wọn di ojú bí ọ̀run òjò.

Ọ̀gá Dídán ní ìrìn dára fún ara. Òun náà kúkú ń fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ lọ sílé nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ píkọ́ọ̀pù ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Dókítà ló ní kóun máa rìn, ó ní. Ẹni tó ń gbé àga tọ oúnjẹ lọ!

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Píkọ́ọ̀pù kọjá géètì kó tó dúró. Òkìtì iyanrìn ló gbà á. Àwọn ọmọ ilé ìwé ti wọlé, ọpẹ́ ni. Ó-ti-dáa ní ilẹ̀ ló ń yọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Lónìí ni!

A ń palẹ̀ mọ́. Ó-ti-dáa ti ṣáná sí ọkọ̀, oníbúlọ́ọ̀kù dúró tì í. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú Ọ̀gá Dídán. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọkọ mi gbé yín délé. Ẹ wọ iwájú."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wo ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́ yẹn. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Rárá o. Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹ jẹ́ n máa fẹsẹ̀ rìn."

Oníbúlọ́ọ̀kù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó-ti-dáa ò rẹ́rìn-ín. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Kò sọ pé ó ti dáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo fi jáàkì gbé e, mo ti igi bọ abẹ́ rẹ̀. Mo tú gbogbo ọ́ọ̀sì gbígbó dànù. Tuntun wọlé — kò lọ́, kò fún. Mo yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún, sósì, kí n rí i pé rọ́bà ò ha táyà. Mo da omi bíréèkì sí i. "Tẹ̀ ẹ́. Mú un dání. Fi sílẹ̀." Ọkọ mi ń gbọ́ràn bí ọmọ ilé ìwé. Afẹ́fẹ́ tó há sínú omi bíréèkì ń hó jáde, ó ń hó jáde, títí kò fi sí mọ́. Bíréèkì le gbagidi.

Mo fi ọ̀bẹ la ògbólógbòó kan. Inú rẹ̀ ti bó. Mo fi han ọkọ mi. Ó gbé ojú sá. Inú mi dùn dé ibi pé mo ń kọrin lábẹ́ mọ́tò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àwọn ìbejì bá bàbá wọn lọ láàárọ̀. Ó dúró gbọn-in lẹ́nu géètì.

Nírọ̀lẹ́, Ọ̀gá Dídán ṣí ilẹ̀kùn píkọ́ọ̀pù, ó jókòó síwájú. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé fèrèsé. Mo ní, "Bọ̀dá, dókítà ńkọ́?" Ó ní ẹsẹ̀ ti sinmi. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ń rẹ́rìn-ín náà lọ ti ilẹ̀kùn ẹnu ọgbà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu mi.

Ibi tí mo dúró sí yẹn ni òun náà máa ń dúró láràárọ̀, kí n tó ní káwọn ọmọ má bá ọkọ̀ náà lọ mọ́. Á máa juwọ́ sí wọn bí píkọ́ọ̀pù bá ti kọrí sísàlẹ̀. "Ó dàbọ̀ o, ìbejì mi!" Tó bá di ìrọ̀lẹ́, òun á fẹsẹ̀ rìn.

Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ iṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n.