Ṣùkúrátù Àbẹ̀bí Ọláníyan (1967–2025), Ẹni Tí Ó Rán Ẹ̀wù Awọ fún Àwọn Obìnrin Inú Yìnyín

Ìdílé oníṣẹ́ awọ ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí olóògbé Ṣùkúrátù Àbẹ̀bí sí, ní oṣù kẹta ọdún 1967. Bàbá wọn, Fàtíù Mákánjúọlá, ń fi awọ ewúrẹ́ ṣe tìmùtìmù àti àpò. Ìyá wọn, Ṣèyílọ́lá, ń ta èlùbọ́. Kí olóògbé tó mọ ìwé kà ni wọ́n ti mọ bí a ti ń fi iyọ̀ pa awọ, tí a ń sá a, tí a sì ń fi ọwọ́ rọ̀ ọ́ títí yóò fi dẹ̀.

Wọ́n jáde ìwé mẹ́fà ní ọdún 1979, wọ́n sì ka girama dé kíláàsì kẹta kí bàbá wọn tó kú. Ní ọdún 1988 wọ́n fẹ́ Àyúbà Ọláníyan, bíríkìlà. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló gbé tọkọtaya náà wá sí Addo ní Èkó ní ọdún 1997. Ilé tí Àyúbà bá àwọn olówó kọ́ ní Lẹ́kkí kò lóǹkà, síbẹ̀ yàrá méjì ni wọ́n fi tọ́ ọmọ mẹ́ta.

Ní ọdún 2012 olóògbé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí ń fi yìnyín tọ́jú ẹja lọ́nà Ìbẹ̀jú. Obìnrin méjìlélógún ni ń ṣa ẹja sínú páálí níbẹ̀, nínú yàrá tí èémí ẹnu ti ń jáde bí èéfín. Súwẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Olúwafúnminíyì, ọ̀rẹ́ wọn, ṣubú lulẹ̀ nítorí òtútù láàárín páálí ní ọdún 2020, olóògbé lọ bá ọ̀gá ibẹ̀ pé kí ó ra kóòtù fún àwọn.

"Màmá, Èkó la wà," ni ó wí. "Ta ní ń wọ kóòtù nínú ooru yìí?"

Abẹ́ ẹ́síì ni ó jókòó sí tó fi sọ bẹ́ẹ̀.

Láìpẹ́ sí i ni wọ́n lọ kí àkọ́bí wọn, Sìdíkàt, olùkọ́ ìtàn tí ń gbé ní Jakande Estate. Wọ́n rí àwòrán kan nínú ìwé rẹ̀: àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nínú kòtò ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ẹ̀wù awọ ewúrẹ́ lọ́rùn wọn, irun rẹ̀ síta. Sìdíkàt ṣàlàyé pé òtútù ibẹ̀ lè pa ènìyàn, pé ìjọba wọn ló fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé awọ náà ń rùn bí òjò bá pa á.

Olóògbé pa ìwé náà dé. "Àwọn tí wọ́n rán lọ kú," ni wọ́n wí, "wọ́n ṣì rántí pé òtútù ń mú wọn. Àwa, ẹja lásán là ń ṣà."

Ọmọ ẹgbẹ́ àsàlátù tòótọ́ ni wọ́n. Nígbà Iléyá ọdún 2021, wọ́n bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní mọ́ṣáláṣí fún awọ àgbò. Ẹni tí ì bá fi tirẹ̀ ṣe pọ̀nmọ́ yọ̀ǹda rẹ̀. Wọ́n rán ẹ̀wù méjìlélógún. Irun sínú ni wọ́n rán tiwọn, kí ó má baà kan ẹja.

Ọ̀gá ní ẹ̀wù náà ń rùn, ó ní wọ́n fẹ́ sọ ilé iṣẹ́ òun di ọjà màlúù. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ó kó méjèèjìlélógún jọ sẹ́yìn ọgbà, ó ní kí wọ́n da epo sí i, wọ́n sì sun ún lójú àwọn tó ni ín.

Lọ́jọ́ kejì, olóògbé jókòó sí ẹnu géètì, wọn kò wọlé. Obìnrin mọ́kànlélógún jókòó tì wọ́n. Ọ̀gá ránṣẹ́ pé òun yóò lé gbogbo wọn.

"Ẹ sọ fún un kó wọlé lọ ṣa ẹja náà fúnra rẹ̀," ni olóògbé dáhùn. "Bó bá lo wákàtí kan níbẹ̀, a ó tẹ̀lé e."

Kò wọlé. Lọ́jọ́ kẹrin, kóòtù dé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ilé iṣẹ́ ní kí olóògbé máa lọ sinmi nílé, pé wọ́n ti dàgbà. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni wọ́n nígbà náà.

Ikọ́ tí wọ́n kó nínú yàrá yìnyín náà kò fi wọ́n sílẹ̀ mọ́. Dókítà béèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe. Nígbà tí ó gbọ́, ó mi orí. Wọ́n jáde láyé ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 2025, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, ilé iṣẹ́ náà kọ̀wé. Wọ́n pe olóògbé ní ìyá wọn ọ̀wọ́n, wọ́n sì ń tọrọ ojú ewé kan nínú ìwé ìrántí yìí láti fi kẹ́dùn, pẹ̀lú àwòrán àwọn òṣìṣẹ́ nínú kóòtù. Shamsudeen, ọmọkùnrin olóògbé, fẹ́ fa lẹ́tà náà ya. Àyúbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ èsì sẹ́yìn lẹ́tà náà: "Orúkọ yín kò ní sí níbẹ̀." Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí orúkọ ilé iṣẹ́ náà nínú ìwé yìí.

Olóògbé fi ọkọ sílẹ̀, Àyúbà, àwọn ọmọ, Sìdíkàt, Shamsudeen àti Tiwátọ́pẹ́, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti àwọn obìnrin mọ́kànlélógún tí ẹbí ń kà mọ́ àbúrò wọn.

Kí Ọlọ́run tẹ́wọ́ gba Àbẹ̀bí, kí Ó dárí àṣìṣe wọn jì wọ́n, kí Ó sì bi àwọn tó yẹ kí Ó bi léèrè. Ẹ sùn ire, ọmọ Mákánjúọlá.