Kókó Ọrùn Ọwọ́ Àńtí Rùkáyàt

                                        41B, Choumert Road,
                                        Peckham,
                                        London SE15.
                                        9 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Àmínát, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Mọ́mì yín ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Bàbá àgbà ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń sùn lórí àga, kí wọ́n tún ní àwọn ò sùn? Òtútù ti dé síbí o. Bí o bá ń rò ó pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà bí arúgbó, Mọ́mì ti gba fóònù mi. Mo fi ohùn Ààfáà Làtíìfù pè wọ́n pé àwọn ló kàn láti fọ ibi àlùwàlá mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì gbé búrọ́ọ̀ṣì débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Àńtí Rùkáyàt, àbúrò Mọ́mì tó ń dirun ní Rye Lane, ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Kókó kan yọ sí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn. Bí ẹ̀wà ló kọ́kọ́ rí, ó wá tó ẹyin aláǹgbá. Bí wọ́n bá dirun díẹ̀, ọwọ́ á máa ro wọ́n. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi inú rẹ̀ ní ọsibítù, ó lọ, ó tún padà wá bí àlejò tó gbàgbé fìlà. Àńtí Bernice tí wọ́n jọ ń dirun ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi Bíbélì ńlá gbá a kó fọ́. Àńtí ní bí Bíbélì bá wá fọ́ ọ, kí ni àwọn fẹ́ sọ ní mọ́ṣáláṣí.

La bá padà sí ọsibítù, èmi ni ògbufọ̀. O ṣáà mọ Yorùbá tèmi tó ń tiro. Dókítà, obìnrin gíga kan tó ń fi imú sọ̀rọ̀, ní kì í ṣe àrùn burúkú, omi kíki bíi funfun ẹyin ló wà nínú rẹ̀. Ó ní àwọn á fún wọn lábẹ́rẹ́ tí ọwọ́ ò fi ní mọ nǹkan kan lára, àwọn á yọ ọ́ tòun ti gbòǹgbò rẹ̀, àwọn á rán ojú ibẹ̀, Àńtí á sì sùn sílé lọ́jọ́ náà. Èmi wá ké gbogbo ẹ̀ kúrú: "Àńtí, wọ́n ní wọ́n máa gé e kúrò ní ọrùn ọwọ́."

"Ó dáa," ni Àńtí fèsì. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú títí a fi sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó gbogbo kóòmù wọn fún Àńtí Bernice. Wọ́n bi Mọ́mì bóyá èèyàn lè fi ọwọ́ òsì nìkan dirun. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ọwọ́ gan-an ni wọ́n rò pé dókítà fẹ́ gé. Ẹyin lohùn lóòótọ́. Tèmi ti fọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù.

Mo ní, "Àńtí, kókó ni mo ní wọ́n máa gé, kì í ṣe ọwọ́."

"Hameedah, ìwọ tó o rán ẹ̀gbọ́n mi lọ fọ ibi àlùwàlá? Gbé àwàdà ẹ lọ síbòmíì. Mi ò lọ mọ́."

Ẹ̀rù bà mí. Irun dídì yẹn ni wọ́n fi ń tọ́ Waris ọmọ wọn, bí wọn ò bá sì lọ, kókó yẹn á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tá a ń jẹun ọ̀sán, mo mọ èbà róbótó, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn ọwọ́ mi. Mo na ọrùn bíi dókítà, mo fi imú sọ̀rọ̀: "Mádáàmù Rukayati, èmi yóò gé kó-kó. Ọwọ́, èmi kò fẹ́." Mo fi ọ̀bẹ bọ́tà gé èbà náà, mo jẹ ẹ́, mo wá juwọ́ sí wọn. Àńtí wò mí títí. Ni ẹ̀rín bá gbé wọn ṣánlẹ̀.

"Ṣé ohun tó sọ nìyẹn?"

"Ohun tó sọ nìyẹn, Àńtí. Wàláhì."

Wọ́n lọ. Dókítà fi bírò ya ọfà sí ọwọ́ náà kí wọ́n má baà ṣi ọwọ́ gé. Àńtí ní kó tún un yà, kó hàn dáadáa. Kílẹ̀ tó ṣú a ti délé, báńdéèjì lọ́rùn ọwọ́, ìka márààrún ń jó. Dókítà ní ó lè tún hù lọ́jọ́ kan o, àmọ́ kò tíì hù.

Lánàá ni wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo wà níbẹ̀, mò ń sín wọn jẹ fáwọn oníbàárà, mi ò mọ̀ pé wọ́n ti dúró lẹ́yìn mi. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn gan-an ni wọ́n fi mú etí mi, wọ́n lọ́ ọ bí ẹni ń lọ́ irun, wọn ò sì tètè jù ú sílẹ̀. Àmínát, etí ń dùn mí, inú mi náà sì ń dùn.

Bá mi kí gbogbo ilé, pàápàá Bàbá àgbà, bí wọ́n bá jí.

Èmi ni tìrẹ, elétí pupa,
Hameedah.