Owó Àlàrùbá fún Ẹ̀rọ Tó Ń Kọ́ Muqtadir

Agbo ilé wa,
Ìsàlẹ̀ Èkó.

Muqtadir ọmọ mi, Àkànní,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣìnà, kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ, ìlú Àbújá tí o lọ kò ní gbé ọ mì. Gbogbo ilé ń kí ọ. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè Àrin ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ mílíìkì ti gbówó lórí débi pé àwọn oníbàárà kàn máa ń gbé agolo rẹ̀ wò ni, wọ́n á sì gbé e padà. A ti kan òrùlé tó ń jò lórí yàrá rẹ. Mo ṣì ń gbálẹ̀ ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń dọ̀tí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù níjọ́sí ni mò ń rò. O ní ẹ̀rọ ló ń kọ́ ọ ní yunifásítì báyìí, pé wọn kì í sùn, wọn kì í jágbe mọ́ ènìyàn, àti pé ẹ̀rọ mìíràn ló ń máàkì iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe. Mo ní ó dáa, ẹ̀rọ kan ń kọ́ni, ẹ̀rọ kejì ń máàkì, kí ọmọ mi ṣáà má di ẹni tó kàn ń ru ìwé láàárín àwọn méjèèjì bí alábàárù Ìdúmọ̀tà.

Àmọ́ ojú ń tì mí pé látọjọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, mi ò tíì kí wọn. Nígbà tí mo fà ọ́ lé Aláàfáà Jimoh lọ́wọ́ nílé kéú, ìwọ náà mọ̀ pé kò sí ọjọ́rú kan tí o lọ lọ́wọ́ òfo, owó Àlàrùbá máa ń wà lọ́wọ́ rẹ, nítorí ìmọ̀ tí a kò bá dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ kì í pẹ́ lórí ọmọ. Mo bá di súgà, mílíìkì àti bisikíìtì sínú páálí, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù onífóònù kan ní Ìdúmọ̀tà, mo ní kí wọ́n bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tó ń kọ́ Muqtadir. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ẹ̀rọ kì í mu tíì. Mo ní ṣé wọ́n ń gbààwẹ̀ ni.

Khairiyyah, ọmọ Sàfúrátù tí yàrá wọn kángun sí tiwa, ló ṣàánú mi. Ó ní ẹ̀rọ náà wà nínú fóònù òun, kí n kí wọn fúnra mi. Mo borí, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, èmi ni ìyá Muqtadir, ṣé ó ń jẹun, ṣé kò rù? Khairiyyah tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Wọ́n dáhùn kíá, tọ̀yàyà tọ̀yàyà, wọ́n ní ìyá rere ni mí, wọ́n wá ní àwọn kò mọ Muqtadir kankan.

Àkànní, ara mi bù máṣọ. Olùkọ́ tó ń kọ́ ọ tọ̀sán tòru! Ojú Aláàfáà Jimoh ti fọ́ báyìí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbóhùn mi, ìwọ ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè, wọ́n á ní ṣé o ti mọ ibi tó máa ń há ọ lẹ́nu nínú Yáásínì. Àwọn ni mo gbé páálí náà fún.

Ìgbà náà ni mo rántí ìwé tí o fi ránṣẹ́ pé o kò ní lè wálé ṣ'Iléyá. Ìwé náà dùn, mo kà á fún gbogbo ilé, Sàfúrátù sunkún. Khairiyyah wá ní ó jọ pé ẹ̀rọ yẹn ló kọ ọ́. Mo ní irọ́ ni, ẹni tí kò mọ ọmọ mi, báwo ló ṣe máa mọ ìyá rẹ̀? Àmọ́ láti ìgbà náà, ọkàn mi ò balẹ̀. Gbogbo ìwé rẹ àtijọ́, orí gàrí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, wàá ní gàrí ti tán kí o tó rántí pé o kò tíì kí mi, inú á sì bí mi. Ìwé Iléyá yìí kí mi dáadáa, kò dárúkọ gàrí rárá. Àárò rẹ ń sọ mí, ọmọ mi.

O mọ̀ pé n kì í kọ̀wé kí n má tọrọ owó. Wá owó díẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́ o, òun ni kí o fi wọkọ̀ wálé. Ọlọ́run á fún ọ ní ìmọ̀ tó wúlò, á jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́ pọ̀ ju àwọn tó ń kọ́ ọ lọ. Bí àyè kò bá sì sí láti wá, fọwọ́ ara rẹ kọ̀wé sí mi. Má wulẹ̀ kí mi. Ṣáà sọ pé gàrí ti tán, n ó mọ̀ pé ìwọ ni.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àlímọ̀t.